Lílà ikùn, ihò kékeré, àbí róbọ́ọ̀tì: èwo ló bá jẹjẹrẹ wo mu?

Ìyàwó ilé méjì ni wọ́n nínú àgbolé kan ní Ọ̀jẹ́, ní Ìbàdàn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló fẹ́ wọn. Láàárín ọdún kan ni dókítà sọ fún àwọn méjèèjì pé jẹjẹrẹ wà ní ìsàlẹ̀ ikùn wọn. Ìyálé ti lé ní 60 ọdún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá ó ti pẹ́, àfi bó ṣe tún ń rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró. Ihò mẹ́rin ni wọ́n lu sí i níkùn tí wọ́n fi yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti wà nílé, ó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ du rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 44. Tirẹ̀, wọ́n là á láti abẹ́ ìdodo dé egungun ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní wọ́ọ̀dù, nígbà tó sì délé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń tẹ̀ rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́.

Bí ẹjọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ìyàwó ní àwọn àna òun náwó lé ìyálé lórí, wọ́n wá fi abẹ ayé àtijọ́ ya ọmọ òun. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi, torí 26 ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà ní ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì.

"Sístà, ẹ bá wa dá a," ni màmá náà wí. "Ẹ̀yin lẹ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é."

Mo ní, "Ẹ jókòó ná, Màmá. Wọn ò rẹ́ ọmọ yín jẹ. Tó bá jẹ́ pé ihò ni wọ́n lu fún òun náà, ìgbà yẹn ni ǹ bá ní kí ẹ lọ bi wọ́n léèrè."

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ̀ sí i níbí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá fún èkejì níbi gbogbo. Ibi tí jẹjẹrẹ ti hù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè bí ojú abẹ yóò ṣe tóbi tó. Ọ̀nà tó dára fún ẹni tó ní in lára ilé ọmọ lè ṣe ẹni tó ní in lọ́rùn ilé ọmọ ní jàǹbá, bẹ́ẹ̀ ìka méjì mẹ́ta péré ló wà láàárín ibi méjèèjì.

Bó ṣe rí nínú tíátà

Lílà ikùn ni gbogbo ayé mọ̀. Láti 1898 ni dókítà Ernst Wertheim ti ń fi wo jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ní Vienna, ọ̀nà náà ò sì tíì kúrò nílẹ̀ dòní. Wọ́n á la ikùn ní òró, tàbí ní ìbú bíi ti ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún, ọwọ́ dókítà á sì wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọwọ́ yẹn. Mo ti rí ọ̀gá kan tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀dọ̀ aláìsàn, tó dákẹ́ lọ gbári, tó wá ní, "Nǹkan kan le níbí." Síkáànù ò rí i.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní laparoscopy. Wọ́n á lu ihò kékeré kan nítòsí ìdodo, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn títí yóò fi wú bíi bọ́ọ̀lù, kí àyè lè gba irinṣẹ́. Kámẹ́rà á gba ihò yẹn wọlé, irinṣẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ á gba ihò yòókù, wọ́n á dín iná tíátà kù, ojú gbogbo wa á wà lára tẹlifíṣọ̀n. Wàhálà rẹ̀, ọwọ́ dókítà ló wà: tó bá gbé ìdí irinṣẹ́ sókè, ẹnu rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, tó bá tì í sọ́tùn-ún, ẹnu á yà sósì. Ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ tó mọ́ ọn. Kurt Semm, ará Jámánì, fi yọ appendix ní 1980. Nígbà tó di 1988, Harry Reich fi yọ ilé ọmọ ní Amẹ́ríkà.

Róbọ́ọ̀tì ni ẹ̀kẹta, òun sì ni àwọn ọmọ wa ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ rẹ̀ ló ń da ènìyàn láàmú. Kì í dá nǹkan kan ṣe. Ihò náà ni, afẹ́fẹ́ náà ni. Apá irin ló kàn di irinṣẹ́ mú, dókítà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá, ó ti orí bọ àpótí bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ń fi ìka darí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì bíi télọ̀. Ó fi nǹkan mẹ́ta ju laparoscopy lásán lọ: dókítà ń rí jíjìn àti ìtòsí nínú àwòrán, ẹnu irinṣẹ́ ń yí bí ọrùn ọwọ́, bí ọwọ́ dókítà bá sì gbọ̀n, ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n náà dé inú. Ó fi ọ̀kan kéré sí ọwọ́ lásán: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ náà, dókítà kì í mọ̀ ọ́n lára bóyá ohun tó dì mú le tàbí ó rọ̀, ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Da Vinci ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2000, wọ́n fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin ní 2005. Ilé ìwòsàn ìjọba méjì ní Cape Town, Tygerberg àti Groote Schuur, ní in. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ìbàdàn, àárín lílà àti laparoscopy ni ìpinnu wà. Ẹni tó bá ń sọ róbọ́ọ̀tì, ìrìn àjò ló sábà ń sọ.

| | Lílà ikùn | Laparoscopy | Róbọ́ọ̀tì |
|---|---|---|---|
| Ojú abẹ | Ẹyọ kan gígùn | Ihò 3 sí 5, mìlímítà 5 sí 12 | Ihò 4 tàbí 5, mìlímítà 8 ló pọ̀ jù nínú wọn |
| Ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù | Ó pọ̀ jù | Ó kéré | Ó kéré |
| Owó irinṣẹ́ | Ó kéré jù | Ó ga díẹ̀ | Ó ga jù |
| Jẹjẹrẹ ara ilé ọmọ | Ó ṣeé ṣe | Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè | Ó dára, pàápàá fún ẹni tó sanra gan-an |
| Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ | Òun ni | Ẹ ṣọ́ra | Ẹ ṣọ́ra |
| Jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ti tàn | Òun ni | Fún yíyọjú wò kí wọ́n tó là | Kò wọ́pọ̀ |

Ti ìyálé: ara ilé ọmọ

Jẹjẹrẹ yìí máa ń hù lára awọ inú ilé ọmọ, ibi tí oyún ń fẹ̀yìn tì. Ó sábà máa ń tètè fara hàn torí ẹ̀jẹ̀ tó ń mú wá. Obìnrin tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan, kó má pè é ní "ìgbà èwe mi padà dé". Kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò.

Níbí, ihò kékeré ló borí, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní LAP2, wọ́n kó obìnrin 2,616 jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi 1,696 sí laparoscopy, wọ́n fi 920 sí lílà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 89.8 nínú 100 ló wà láàyè ní apá méjèèjì. Nínú 100 àwọn tí wọ́n là, 94 ló lò ju ọjọ́ méjì lọ ní ilé ìwòsàn. Ti àwọn oníhò jẹ́ 52. Wàhálà tó nípọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bá 21 nínú 100 àwọn tí wọ́n là, ó bá 14 lára àwọn oníhò. Àkókò ni wọ́n fi san án: ìṣẹ́jú 204 ní ti ihò, 130 ní ti lílà. Ìwádìí LACE tó jáde ní 2017, ti obìnrin 760, gbè é lẹ́sẹ̀: ní ọdún mẹ́rin ààbọ̀, àwọn tó wà láàyè tí jẹjẹrẹ ò padà sí lára jẹ́ 81.6 nínú 100 níbi ihò, 81.3 níbi lílà.

Nọ́ńbà kan tún wà nínú LAP2 tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: 25.8. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò, bíi 26 ni wọ́n padà là lórí tábìlì náà. Ìfun ẹnì kan ti lẹ̀ mọ́ra torí iṣẹ́ abẹ àtijọ́, ọ̀rá ò jẹ́ kí kámẹ́rà ríran nínú ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn ti kọjá ibi tí wọ́n fojú sí. Bí wọ́n bá jí yín tí ẹ rí i pé wọ́n padà là yín, ẹ má pariwo pé wọ́n bà á jẹ́. Dókítà tó mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́ nínú ihò ni mo fẹ́ kó ṣe tèmi. Ẹ kàn rí i dájú pé ọ̀nà méjèèjì wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ń fọwọ́ sí, pé wọ́n sì ka á sí yín létí lédè tí ẹ gbọ́.

Ibí náà ni róbọ́ọ̀tì ti wúlò jù. Sísanra wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ara ilé ọmọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ní in ló tóbi, bí wọ́n bá sì fi róbọ́ọ̀tì ṣe ẹni tó tóbi gan-an, iye àwọn tí wọ́n ń padà là máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n ọdún tí obìnrin ń lò láyé lẹ́yìn rẹ̀ ò ju ti laparoscopy lásán lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò tóbi, tí dókítà tó mọ laparoscopy dáadáa wà nítòsí rẹ̀, mi ò rí ìdí tó fi máa wọ ọkọ̀ òfurufú nítorí apá irin.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ihò ṣe tó dùn mọ́ mi nínú. Àwọn kókó kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ ikùn tí omi ara ń sẹ́ gbà, àwọn dókítà ń pè wọ́n ní lymph node; ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń kó, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin mìíràn á sì wú títí ayé. Ní báyìí, wọ́n lè fi aró kan tó ń tàn sára ọrùn ilé ọmọ, kí wọ́n yọ kìkì kókó tí aró náà bá kọ́kọ́ dé. Nínú ìwádìí FIRES, 2017, nínú 100 obìnrin tí jẹjẹrẹ ti dé kókó wọn, tí aró sì ràn dáadáa, 97 ni ọ̀nà yìí rí mú.

Ti ìyàwó: ọrùn ilé ọmọ

Ibí ni ẹjọ́ wà. Títí di 2018, àwọn dókítà rò pé ti ọrùn ilé ọmọ yóò rí bíi ti ara ilé ọmọ. Wọ́n ti ń fi ihò ṣe é káàkiri, ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ìwádìí LACC ló tú àṣírí: obìnrin 631, ilé ìwòsàn 33, lórílẹ̀-èdè púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí apá méjèèjì dọ́gba. Ohun tí wọ́n rí mú kí wọ́n dá gbígba ènìyàn wọlé dúró láìtó àkókò.

Ní ọdún mẹ́rin ààbọ̀, nínú 100 obìnrin tí wọ́n la ikùn wọn, 96.5 ló wà tí jẹjẹrẹ ò padà sí lára. Níbi ihò, 86 ni. Ní ọdún kẹta, 99 nínú 100 àwọn tí wọ́n là ló wà láàyè. Àwọn oníhò jẹ́ 93.8. Ẹ tún un kà. Ẹ̀mí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú nọ́ńbà yẹn. Ọ̀rọ̀ àpá ti kúrò níbẹ̀.

Kí ló fà á? Àwọn dókítà ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní irin tí wọ́n ń tì láti ojú ara wọ ilé ọmọ, èyí tí wọ́n fi ń yí i síwá sẹ́yìn, ló ń fọ́n jẹjẹrẹ ká. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn kan ní ìgbà tí wọ́n bá gé òkè ojú ara láti inú, tí kókó jẹjẹrẹ ṣí sílẹ̀ sínú ikùn, ìgbà yẹn ló ń ta sílẹ̀. Èmi ti di irin yẹn mú rí fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ní kí n jókòó sí, wọ́n ń pè mí láti òkè: "Sístà, tì í sókè. Sístà, yí i sọ́tùn-ún, mú un bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èsì ìwádìí náà, ọwọ́ mi ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ wò.

Ẹnì kan á ní, róbọ́ọ̀tì ńkọ́? Ó wà nínú ìwádìí kan náà. Bíi 16 nínú 100 àwọn oníhò ni wọ́n fi róbọ́ọ̀tì ṣe. Kò yọ wọ́n. Ní 2019, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé róbọ́ọ̀tì ò léwu, tó sì ń ṣiṣẹ́, fún wíwo jẹjẹrẹ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi la ìyàwó. Jẹjẹrẹ rẹ̀ wà lọ́rùn ilé ọmọ, kò tíì kọjá ibẹ̀, ó sì lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Wọ́n yọ ilé ọmọ, ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òkè ojú ara, wọ́n fi ọwọ́ àti ojú ṣe é. Dókítà tó là á ti ka ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé dé ibí, ìyá ìyàwó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ti ìyálé wá léwu nìyẹn?" Mo ní rárá o, Màmá, ti ìyálé ò sí lọ́rùn.

Ti ẹlòmíràn lè kéré ju ti ìyàwó lọ. Nínú ìwádìí SHAPE, 2024, obìnrin 700 tí jẹjẹrẹ wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tí kò sì jinlẹ̀, ni wọ́n pín sí méjì: wọ́n yọ ilé ọmọ nìkan fún apá kan, wọ́n gbẹ́ ẹ gbòòrò fún èkejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó padà sí ìsàlẹ̀ ikùn 2.5 nínú 100 níbi àkọ́kọ́, 2.2 níbi èkejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré bẹ́ẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀ bóyá èyí tó fúyẹ́ ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin tó ṣì ń wá ọmọ lè béèrè bóyá wọ́n lè gé ọrùn nìkan, kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Ọ̀pọ̀ obìnrin, láti Ìsẹ́yìn, láti Ògbómọ̀ṣọ́, àní láti Mọ́kọ́lá tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Ìbàdàn, ni kì í wá títí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ yóò fi ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ tàbí tó ti ràn mọ́ ẹ̀gbẹ́. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ oníhò tàbí ti lílà. Ìtànṣán (iná ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ) pẹ̀lú kímò (oògùn líle tó ń pa á) ni, UCH sì ní ẹ̀ka ìtànṣán. Mo mọ ìdílé kan tó ta ilẹ̀ ní Mọ́níyà torí wọ́n fẹ́ lọ ṣe róbọ́ọ̀tì ní Íńdíà fún jẹjẹrẹ tó ti dé ìpele kẹta. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìtànṣán àti kímò kan náà ni wọ́n dámọ̀ràn fún wọn. Ilẹ̀ ti lọ. Kí ẹ tó ta nǹkan kan, ẹ béèrè ìpele, kí ẹ sì gbà á sínú ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 nílé, láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó sábà ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Mo ti kúrò lójú ọ̀nà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ ọrùn ilé ọmọ kí n má sọ ọ́.

Ilé ẹyin

Èyí ò gba àríyànjiyàn. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń fọ́n ká inú ikùn bíi gààrí tó dà sílẹ̀: ara ìfun, abẹ́ ẹ̀dọ̀, lára ọ̀rá tó bo ìfun bí aṣọ ìbora. Dókítà gbọ́dọ̀ rí gbogbo ibẹ̀, kó yọ gbogbo ohun tó bá ṣeé yọ, lílà gígùn ló sì ń gbà á. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi kámẹ́rà yọjú wò ó, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n là á báyìí tàbí kí wọ́n fi kímò ṣáájú. Bó bá jẹ́ kókó olómi kan lásán ni wọ́n rí tí wọ́n ń fura sí i, kó má bẹ́ sínú ikùn: jẹjẹrẹ ìpele 1A, èyí tó ṣì wà nínú ilé ẹyin kan ṣoṣo, tó bá bẹ́ mọ́ dókítà lọ́wọ́, ti di 1C lójú ẹsẹ̀, ó sì lè di ọ̀rọ̀ kímò.

Ìbátan ọ̀rọ̀ yìí ni ti fáíbírọ́ìdì. Ẹ̀rọ kan wà tó ń lọ ẹran sí wẹ́wẹ́ nínú ikùn kó lè gba ihò kékeré jáde. Ní 2014 FDA kìlọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ṣírò pé nínú bíi 350 obìnrin tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì, ẹnì kan ní jẹjẹrẹ tó sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà á wá fọ́n ọn ká. Ẹ bi dókítà yín: báwo ni ẹ ó ṣe gbé e jáde? Èyí tí wọ́n bá fura sí gbọ́dọ̀ jáde lódindi, kó gba ojú ara tàbí kó wà nínú àpò.

Ara ẹni tó ń ṣe é

Nínú laparoscopy àti róbọ́ọ̀tì, wọ́n máa ń dorí bẹ́ẹ̀dì kọ ìsàlẹ̀ kí ìfun lè sún lọ sókè àyà. Orí á wà nísàlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó ní gulakóómà, ìyẹn àrùn ojú tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀, ìfúnpá inú ojú rẹ̀ á ga sí i. Ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lágbára, afẹ́fẹ́ inú ikùn á ni ín lára. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà abẹ́rẹ́ ìsùn kó tó di ọjọ́ náà, ẹ mú ìgò oògùn ojú yín dání. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú bí ẹran, àǹfààní ńlá ni ihò kékeré jẹ́ fún un, níbi tí jẹjẹrẹ bá ti gbà á láyè.

Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tún máa ń jẹ́ kí èjìká dun ènìyàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìyálé ní dandan wọ́n gbé òun ṣubú nínú tíátà ni.

Owó àti iná

Mi ò ní kọ iye owó síbí. Dọ́là á ti yí i padà kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi bíìlì méjì wéra, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kò ní lè tajà kún un. Laparoscopy lè wọ́n níbi irinṣẹ́, kó sì dín ọjọ́ wọ́ọ̀dù, ẹ̀jẹ̀ àti owó ọkọ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá kù. Róbọ́ọ̀tì máa ń fi owó lé e: ìṣirò kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, lórí yíyọ ilé ọmọ tí kò ní jẹjẹrẹ, fi hàn pé ó fi 2,189 dọ́là ju laparoscopy lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera NHIA ti ìjọba àpapọ̀, tàbí OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kó béèrè ohun tí wọ́n á bá a san kó tó gbé kọ́bọ̀ kan jáde. Ẹ béèrè Cancer Health Fund náà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ fi ti ọrùn ilé ọmọ kún un.

Iná ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, NEPA mú iná lọ nígbà tí irinṣẹ́ mẹ́ta wà nínú ikùn obìnrin kan. Tẹlifíṣọ̀n kú. Bí ikùn bá ṣí, tọ́ọ̀ṣì á tó wa. Ihò ò mọ tọ́ọ̀ṣì. Dókítà ò mira, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fa nǹkan kan." Ẹ̀rọ ìmísìn ń lo bátìrì, à ń gbọ́ bó ṣe ń dún píì, píì. Mo ka orúkọ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí, kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn. Ẹ béèrè bátìrì àti sólà wọn. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ dókítà fúnra rẹ̀: irú jẹjẹrẹ tèmi yìí, ọ̀nà yìí, mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Dókítà tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti dáhùn. Èmi ò ní gba ihò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí ẹni tó ń la ikùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá wà nítòsí.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ihò kékeré máa ń tan ènìyàn jẹ. Níta, pílásítà mẹ́rin. Nínú, ojú rírán kan náà ló wà lókè ojú ara níbi tí wọ́n ti gé ilé ọmọ kúrò, ó tilẹ̀ máa ń tú ju ti àwọn tí wọ́n là lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò sí ẹrù wúwo, kò sí ọkọ. Ní ọjọ́ kejìlá, ìyálé rí i pé omi ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù, ara rẹ̀ sì yá, ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì láti ẹnu kànga. Ẹ̀jẹ̀ tó rí lálẹ́ ọjọ́ náà gbé e padà sílé ìwòsàn. Ìyàwó tí ikùn ń ro kò tilẹ̀ ronú kan kẹ́ẹ̀gì. Ìrora ló bá a ṣọ́ ara rẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ gbà á pé. Ó lè tó ọjọ́ 28. Ẹsẹ̀ kan tó bá wú ju èkejì lọ, tàbí èémí tó ṣàdédé ń há, ẹ má dúró di àárọ̀. Kí ẹ sì lọ gba ìwé àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n yọ fúnra yín, kí ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méjì. Ìwé yẹn ló máa sọ bóyá ìtọ́jú kù, mo sì ti rí ibi tó ti sùn sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ìyàwó ilé méjèèjì ń lọ rí dókítà báyìí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì fún wọn. Máíkírà kan ni wọ́n jọ ń wọ̀ láti Ọ̀jẹ́. Ìyálé máa ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn èrò. Ìyàwó máa ń san owó ẹni méjì kó lè dá jókòó síwájú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fi ìgúnpá kan òun níkùn mọ́.